Fílàṣì lójú oòrùn ọ̀sán: èwo ni kí ẹ gbé dání lọ sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́?

"Fótò, ṣé kò sí o? Oòrùn ń ràn báyìí, o tún ń tanná!"

Bàbá kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí mo ti ń ya ọmọ rẹ̀ tó ń gbéyàwó. Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo pa fílàṣì, mo ya ẹyọ kan, mo gbé kámẹ́rà fún Bàbá. Fìlà ọkọ ìyàwó ti ṣíji bo iwájú orí rẹ̀, ihò dúdú méjì ló kù níbi tó yẹ kí ojú wà, omi ọ̀sà sì ń dán yanran lẹ́yìn rẹ̀. Mo tan fílàṣì padà, mo ya èkejì. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ọmọ mi nìyí." Ló bá kọjú sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ jẹ́ kó tanná rẹ̀ jàre."

Iṣẹ́ tí fílàṣì ń ṣe lọ́sàn-án yàtọ̀ sí ti òru. Lóru, òkùnkùn ló ń lé. Lọ́sàn-án, ojú ẹni tó dúró níwájú yín ló ń gbé sókè, kó lè bá ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dọ́gba. Ojú àwa ènìyàn lè rí omi tó ń dán, kó tún rí ojú tó wà lábẹ́ gèlè lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ò lè ṣe é. Tí ẹ bá wo ti ojú ẹni náà, ọ̀run àti ọ̀sà á funfun báláú. Tí ẹ bá wo ti omi, ojú á di èédú. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "fílàṣì wo ló lágbára jù?" Ẹ bi ara yín pé: ṣé mo fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn hàn, àbí kó ṣe bàìbàì? Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: báwo ni iná mi ṣe lè súnmọ́ ẹni náà tó? Ìdáhùn méjèèjì yìí ló ń yan irinṣẹ́. Orúkọ tó wà lára páálí ò sí níbẹ̀.

Oòrùn tiwa ò jọ ti àwọn tó ń kọ́ wa lórí fídíò

Ẹ̀pẹ́ wà ní nǹkan bí dígírì 6.6 péré sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìyẹn ló fà á tí oòrùn fi ń dúró gangan lórí àtàrí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán. Ní wákàtí yẹn, òjìji ènìyàn á ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àsìkò yìí náà sì ni ìgbéyàwó ọdún Àjíǹde máa ń pọ̀ sí. Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ni lórí fídíò á ní, "ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà." Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, tó bá jẹ́ agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní agogo kan ọ̀sán níbí, oòrùn ò ní ẹ̀yìn, kò ní iwájú, àárín orí ló jókòó sí. Fìlà, gèlè, kódà egungun ìpéǹpéjú, gbogbo wọn ló ń da òjìji sójú.

Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń dẹ̀ díẹ̀. Eruku á ti sẹ́ oòrùn bí ẹni fi asẹ́ sẹ́ ògì, fílàṣì kékeré á sì ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọ̀run ìgbà yẹn ò dára púpọ̀ nínú fọ́tò ṣá. Eérú ni gbogbo rẹ̀.

Iye tí oòrùn ń gbà lọ́wọ́ yín

Òfin àtijọ́ kan wà tí àwọn ọ̀gá wa tó fi fíìmù ṣiṣẹ́ mọ̀ sórí: tí oòrùn bá ràn dáadáa tí kùrukùru ò sí, ẹ fi ẹnu lẹ́ǹsì (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré ló ṣe ń fẹ̀ tó) sí f/16, kí eré ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) bá ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) dọ́gba. ISO 100, ṣọ́tà 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá. Láti ibẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá la ẹnu lẹ́ǹsì sí i ní ìpele kan, eré ṣọ́tà á di ìlọ́po méjì.

| Ẹnu lẹ́ǹsì | Ṣọ́tà, ISO 100 | Ṣé fílàṣì lásán bá a mu? |
|---|---|---|
| f/16 | 1/100 | Bẹ́ẹ̀ ni |
| f/11 | 1/200 | Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé bèbè |
| f/8 | 1/400 | Rárá |
| f/4 | 1/1600 | Rárá |
| f/2.8 | 1/3200 | Rárá |
| f/1.8 | 1/8000 | Rárá, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ò tilẹ̀ lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ |

Kí ló dé tí 1/200 fi di bèbè? Ṣọ́tà kámẹ́rà wa dà bí aṣọ ìkélé méjì. Èkíní á ṣí, èkejì á tẹ̀lé e láti pa á dé. Títí dé 1/200 tàbí 1/250, ìṣẹ́jú-àáyá kékeré kan wà tí gbogbo ojú sẹ́ńsọ̀ (ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán) á ṣí sílẹ̀ pátá, ìgbà yẹn ni fílàṣì á kọ yẹ̀rì. Tí eré bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ kejì á ti gbéra kí èkíní tó dé òpin. Àlàfo tín-ínrín ló kù tó ń rìn kọjá. Fílàṣì á bọ́ sórí apá kan fọ́tò, apá kejì á dúdú bí ẹni fi pátákó bò ó. Ẹ ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́.

Tí ẹ bá ń ya fọ́tò ní f/11, tí ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi àti àwọn apẹja tó wà lẹ́yìn hàn ketekete, fílàṣì lásán tó. Tí ẹ bá fẹ́ f/2.8 kí ẹ̀yìn rọ̀ bí òwú, ẹ ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbòòji

Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Lábẹ́ igi, lábẹ́ fàràǹdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ti ré kọjá. Ẹ má gbé ẹni náà wọnú lọ o. Létí ìbòòji ni kó dúró, kó kọjú síta, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run á wọ ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ò mọ ọ̀nà tó dára jù ú lọ fún ọmọdé tí kì í dúró lójú kan.

Àléébù rẹ̀ méjì ni. Igi máńgòrò máa ń kun ènìyàn ní àwọ̀ ewé, pàápàá lórí léèsì funfun, oòrùn tó bá sì yọ́ gba àárín ewé kọjá á tò tótòtó sójú bí àmì ẹkùn. Èkejì ló le: oníbàárà tó wá láti Èkó tìtorí ọ̀sà á ní kí omi hàn. Ẹ gbé e sínú ìbòòji, ojú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n omi ti di bébà funfun. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti wọmi nìyẹn.

Rìfílẹ́kítọ̀ tàbí fílàṣì kékeré?

Rìfílẹ́kítọ̀ aláwọ̀ márùn-ún, aṣọ nínà tó ń ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú, ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń rà: funfun, fàdákà, wúrà, dúdú, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 110 tó fún ẹnì kan láti orí dé àyà. Kò lo bátìrì, kì í gbóná, ohun tí ẹ rí lójú náà ni kámẹ́rà á rí. Kò sí eré ṣọ́tà tí kò bá mu. Ẹ lè lo f/1.8 bó ṣe wù yín.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń lò ó. Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, ìmọ́lẹ̀ á máa fò káàkiri bí ìgbà tí ọmọdé ń fi dígí ṣeré. Apá fàdákà máa ń ta sójú, ẹni tí ẹ ń yà á sì máa fún ojú pọ̀. Apá wúrà, ẹ fi sílẹ̀ lọ́sàn-án: ó ń sọ léèsì funfun di pupa rúsúrúsú. Ní agogo kan ọ̀sán tí oòrùn wà láàárín orí, ìsàlẹ̀ nìkan ni rìfílẹ́kítọ̀ ti lè rí oòrùn gbà. Ìmọ́lẹ̀ á wá ti abẹ́ àgbọ̀n gòkè, bí ẹni tó fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ojú láti dẹ́rù ba ọmọdé. Mo ti ya ìyá ìyàwó bẹ́ẹ̀ rí. Kò bínú, ó kàn rọra bi mí bóyá mo lè "ṣe é kó má bà á lẹ́rù."

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ nà án sókè láàárín oòrùn àti orí ẹni náà, ìbòòji alágbèéká dé nìyẹn. Tí ẹ bá wá fi fílàṣì kékeré kún un láti ẹ̀gbẹ́, ó tán.

Fílàṣì kékeré, irú èyí tó ń jókòó sórí kámẹ́rà, ò nílò kí oòrùn wà níbì kan pàtó. Ẹ̀yin lẹ ó yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa wá. Tí ẹ bá fi í sórí kámẹ́rà lójú oòrùn, ó máa ń pa òjìji abẹ́ fìlà, ṣùgbọ́n ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ, iwájú orí tó ti làágùn á sì máa dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọ̀ dúdú tó ní òróró tàbí òógùn lára dà bí dígí: iná tó bá kéré tó sì le á hàn lára rẹ̀ bí àmì funfun kan ṣoṣo. Ẹ nu iwájú orí náà, ẹ gbé fílàṣì kúrò lórí kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ ga ju ojú lọ, ẹ fi nǹkan fífẹ̀ bò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á mọ́, àwọ̀ á sì dúró bó ṣe wà. (Àwọn kan ń fi fílàṣì bó oníbàárà láwọ̀. Tí wọ́n bá gbé fọ́tò dé ilé, màmá wọn á ní ta nìyí. Ẹ má bá wọn ṣe é.)

Nípa agbára rẹ̀: ọ̀pọ̀ fílàṣì yìí ni wọ́n kọ 60 sí lára gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìtọ́nà, ní mítà, fún ISO 100. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnu lẹ́ǹsì pín in, ẹ ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dé: 60 pín sí 11, mítà márùn-ún àti ààbọ̀. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí orí fílàṣì bá fún ìmọ́lẹ̀ pọ̀ fún lẹ́ǹsì 200mm tó ń wo ọ̀nà jíjìn ni 60 yẹn. Tí ẹ bá là á sí 35mm, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 36, ìyẹn mítà mẹ́ta àti díẹ̀. Tí ẹ bá wá ti sọ́fútíbọ́ọ̀sì (àpótí aṣọ funfun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀) bọ̀ ọ́ lórí, tó jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà, mítà kan àti ààbọ̀ ló kù. Ìyẹn fún ẹnì kan, tí fílàṣì sì ń fi gbogbo ipá rẹ̀ ṣiṣẹ́.

HSS tàbí gíláàsì ND?

Ẹ fẹ́ f/4 tàbí f/2.8 lójú oòrùn, fílàṣì lásán ò bá a mu. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

HSS (high-speed sync) ni ọ̀pọ̀ ń lò. Dípò kí fílàṣì kọ yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣẹ́jú kíákíá, gùdù-gùdù-gùdù, ní gbogbo ìgbà tí àlàfo ṣọ́tà ń rìn kọjá, kí gbogbo sẹ́ńsọ̀ lè rí tirẹ̀ gbà. Ó rọrùn: ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ lè lọ dé 1/8000. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé fílàṣì ń pín ipá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Lọ́gán tí ẹ bá wọ HSS, ó lè jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù, bí ẹ bá sì tún ń ti ṣọ́tà sókè ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ fílàṣì á máa dín sí ìdajì. Ó tún ń gbóná. Ẹ yìn ín léraléra ní ipá kíkún lójú oòrùn Ẹ̀pẹ́, á kọ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má bàa jóná. Ìyàwó á dúró, gbogbo ènìyàn á dúró, ẹ̀yin á máa fi ọwọ́ fẹ́ fílàṣì.

Gíláàsì ND ni ọ̀nà kejì: gíláàsì dúdú tí ẹ ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, bí ẹni wọ dígí oòrùn. ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ wo àtẹ òkè yẹn: f/4 ń béèrè 1/1600, pẹ̀lú ND8, ó bọ̀ sílẹ̀ sí 1/200, fílàṣì lásán ti bá a mu. Fún f/2.8, ND16 lẹ nílò. Lóòótọ́, gíláàsì náà ń dín ìmọ́lẹ̀ fílàṣì pàápàá kù, ṣùgbọ́n fílàṣì ò pín ipá sí wẹ́wẹ́ mọ́. Lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú fílàṣì kan náà lójú kan náà, ND máa ń fún mi ní ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po méjì ti HSS.

Ìyà tirẹ̀ náà wà. Tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ irú èyí tó ní dígí nínú, ojú ihò tí ẹ ń wò á ṣókùnkùn, lẹ́ǹsì á sì máa wá ojú ẹni náà kiri. Kámẹ́rà tí kò ní dígí máa ń tan àwòrán náà mọ́lẹ̀ padà fún yín. ND olówó pọ́ọ́kú máa ń da àwọ̀, ó ń fi àwọ̀ ewé tàbí ti àlùkò díẹ̀ sí i. Èyí tí ẹ ń yí láti mú un dúdú sí i, tí ẹ bá yí i dé òpin, àgbélébùú dúdú á yọ sáàárín fọ́tò.

Ìdájọ́ tèmi: tí ẹ bá ń ya ẹni tó ń rìn, tó ń jó, tí ẹ ń ti oòrùn bọ́ sí ìbòòji lójijì, ẹ lo HSS. Tí ẹni náà bá dúró tàbí jókòó, tí fílàṣì yín ò sì lágbára púpọ̀, ẹ lo ND. Wọ́n ń yin HSS ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé bọ́tìnnì ni, ND sì jẹ́ nǹkan tí à ń dè mọ́ lẹ́ǹsì.

Ọ̀nà kẹta wà fún ọlọ́rọ̀. Àwọn kámẹ́rà kan bíi Fujifilm X100 ní ṣọ́tà tó wà nínú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ó sì ń bá fílàṣì mu kọjá 1/250 dáadáa. Sony kéde a9 III lọ́dún 2023, èyí tí gbogbo sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń ka ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí ọ̀rọ̀ aṣọ ìkélé níbẹ̀ mọ́. Iye owó rẹ̀ nìkan ni aṣọ ìkélé tó kù.

76, 200, tàbí 600?

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Agbára fílàṣì ni wọ́n ń fi Ws (watt-second) kà. Àwọn fílàṣì orí kámẹ́rà tó ń lo bátìrì lítíọ́mù, bíi Godox V1, jẹ́ 76. Àwọn alápò bíi AD200 jẹ́ 200. Àwọn ńlá tó ń jókòó sórí sítáńdì, bíi AD600, jẹ́ 600. Ọmọ iṣẹ́ mi àná gbà pé 600 ló ń sọ ènìyàn di ọ̀gá.

Mo mú un jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo gbé fílàṣì 76 sí mítà méjì sí ara rẹ̀, mo yà á: ojú ṣì dúdú. Mo gbé e súnmọ́ ọn dé mítà kan, mi ò yí nǹkan kan mìíràn: ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun jù. Ìmọ́lẹ̀ máa ń di ìlọ́po mẹ́rin tí ẹ bá gé ọ̀nà tó ń rìn sí méjì. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yẹn sọ 76 di ohun tó ń ṣe bí 304. "Ọ̀gá," ó ní, "ṣé ẹsẹ̀ lásán ló ṣe é?" Ẹsẹ̀ lásán ni.

Fún ẹnì kan tàbí tọkọtaya tó fara mọ́ra, láti àyà sókè, fílàṣì 76 tó sún mọ́ dáadáa tó. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ra 200 tí owó bá wà ni pé ẹ lè fi sọ́fútíbọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ sì lò ó ní ìdajì ipá, kó má máa gbóná, kó sì tètè ṣetán fún fọ́tò tó kàn. Fílàṣì tó ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́rin á ní kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan lẹ́yìn ipá kíkún kọ̀ọ̀kan, àkókò yẹn gan-an sì ni ọmọ á rẹ́rìn-ín.

Àwọn èrò púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ 600. Ẹ wo ọjọ́ Káyọ̀káyọ̀, tí àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe dé sí ìlú yìí lẹ́yìn ogun Èkó ọdún 1851. Ẹgbẹ́ kan á dé pẹ̀lú aṣọ ẹbí, ogún ènìyàn, gèlè ogún. Ẹ ò lè gbé iná sí mítà kan àti ààbọ̀ síbẹ̀. Á hàn nínú fọ́tò, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ á funfun, ẹni tó wà ní òpin á dúdú. Mítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ni kó wà. Ọ̀nà náà ti di ìlọ́po mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Kí 76 tó lè ṣe iṣẹ́ tó ṣe ní mítà kan àti ààbọ̀, ẹ ní láti sọ ọ́ di 684. Ìdí tí 600 fi wà láyé nìyẹn. Ẹ yọ sọ́fútíbọ́ọ̀sì kúrò lórí rẹ̀ fún irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e ga, ẹ má lo HSS rárá: f/11 lẹ nílò kí ìlà ẹ̀yìn náà lè mọ́. Tí ẹ ò bá ní 600, ẹ kó gbogbo wọn sínú òjìji ilé kan tó ga. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àpò 600 wúwo, ẹrù ni. Sọ́fútíbọ́ọ̀sì ńlá létí ọ̀sà sì ni ìgbòkun. Mo ti pàdánù fílàṣì kan báyìí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán fẹ́ wá lójijì, mo rí sọ́fútíbọ́ọ̀sì náà tó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà, kí n tó na ọwọ́, sítáńdì ti dùbúlẹ̀. Orí fílàṣì fọ́ sórí òkúta, gíláàsì rẹ̀ tú ká nínú yanrìn. Mo ṣì rí eérún kan nínú àpò mi lẹ́yìn oṣù méjì. Láti ọjọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá ni mo ń gbé lọ lófo, tí mo bá débẹ̀ mo bu omi ọ̀sà kún un, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ sítáńdì. Kílò mẹ́wàá ni, kò sì wúwo nínú ọkọ̀.

Àwọn kéékèèké tó kù

Tírígà, ohun tó ń sọ fún fílàṣì tí kò sí lórí kámẹ́rà pé kó tanná: ẹ ra onírédíò. Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ bá fílàṣì kejì sọ̀rọ̀ ò ríran dáadáa lójú oòrùn, á máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

TTL, tí kámẹ́rà ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, dára fún ẹni tó ń jó wọlé, nítorí pé ó ń súnmọ́, ó ń jìnnà. Fún ẹni tó dúró, ẹ fọwọ́ yí i fúnra yín. Léèsì funfun máa ń tan TTL jẹ, á dín fílàṣì kù, ojú á dúdú. Aṣọ dúdú á ṣe òdìkejì.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fílàṣì àti ti oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, nǹkan bí 5500K (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti pọ́n, ẹ lẹ bébà aláwọ̀ ọsàn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá mọ́ fílàṣì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ìyàwó á dà bí ti ẹni tó wà nínú fíríìjì. Ẹ má sì gbọ́kàn lé gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà lójú oòrùn, irọ́ ló ń pa. Ẹ wo àtẹ histogram, èyí tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò.

Tó bá jẹ́ owó yín ni mò ń bá yín ná

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń ya ọjọ́ ìbí àti ìkómọ: rìfílẹ́kítọ̀ aláwọ̀ márùn-ún, fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, àti ìbòòji. Ẹ má tíì ra fílàṣì kankan títí ẹ ó fi mọ ibi tí oòrùn ń gbà ní gbogbo wákàtí.

Ẹni tó ti ní fílàṣì 76 kan lórí kámẹ́rà: owó tó kàn, kó lọ sí tírígà, sítáńdì, àti ND8 tó dára. Kò sí ohun tó ń yí fọ́tò ọ̀sán padà kíákíá ju kí fílàṣì kúrò lórí kámẹ́rà lọ.

Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ní gbogbo Sátidé: 200 kan, sọ́fútíbọ́ọ̀sì tí kò ju sẹ̀ńtímítà 60 sí 90 lọ, ọmọ iṣẹ́ kan tó dúró ṣinṣin. Èmi ń lo èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. 600, ẹ yá a lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá bá pè yín, ẹ kó owó ìyálò náà sínú iye tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la: ISO 100, f/11, 1/200, ẹ ya ẹ̀yìn nìkan láìtan fílàṣì, kí ọ̀run ṣì ní àwọ̀ búlúù. Ẹ wá gbé fílàṣì sí mítà kan àti ààbọ̀ lápá ọ̀tún, ìdajì ipá, ẹ yà. Tí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ gbé iná súnmọ́ ọn kí ẹ tó fi ipá kún un. Kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Ẹ dà á nù kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan, omi ọ̀sà rin gbogbo búùtù, òórùn ẹja ò kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.